Ta Ló Ni Pin 14? Bí A Ṣe Ń Sọ Iṣẹ́ Ẹsẹ̀ Chip fún Kernel

Kóòdù díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tòní, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ síbí kó lè rọrùn fún yín láti wò ó.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí ni pé àṣìṣe èmi fúnra mi ló bí i, àṣìṣe náà sì ná ẹbí mi lówó. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni. Mo kọ 2 síbi tó yẹ kí n kọ 4.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àbúrò ìyá mi obìnrin ń ta ẹja yìnyín. Gbogbo ọjà mọ̀ wọ́n sí Ìyá Ìbejì, èmi ń pè wọ́n ní Àǹtí. Fìrísà ńlá méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí. Iná lè lọ láago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, wọn ò ní mọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo wá ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀rọ kékeré kan fún yín. Bí inú fìrísà bá ti ń gbóná, ẹ̀rọ náà á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé ó dá ọ lójú, ọmọ mi?" Mo ní ó dá mi lójú.

Raspberry Pi 3 ni mo fi ṣe é nílé. Mo so nǹkan tó ń wọn ooru mọ́ ọn, mo so modem tó ń lo káàdì símù mọ́ ọn, mo sì fi páwà báǹkì sí i kó má baà kú bí iná bá lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi dán an wò. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n mo nílò Pi 3 yẹn fún iṣẹ́ mìíràn, mo wá ra Pi Zero, tó kéré jù ú lọ, tí owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Mo kó gbogbo nǹkan sórí rẹ̀, mo yí orúkọ kan padà nínú fáìlì, mo tàn án. Kò sí àṣìṣe kankan lójú ẹ̀rọ. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo so ó mọ́ ògiri.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, iná lọ. Ẹ̀rọ náà rí i pé ooru ń gòkè. Mo padà ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà: ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ló ń kọ ọ́ pé òun ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ ní ìgbà 14 kí páwà báǹkì tó kú. Ẹyọ kan ò dé fóònù Àǹtí. Nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Kátọ́ọ̀nù mẹ́ta ló ti bàjẹ́ pátápátá.

Wọ́n pè mí. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ẹ̀rọ rẹ ò bá mi sọ nǹkan kan o."

Ó dùn mí ju bí wọ́n bá bú mi lọ. Àlàyé tí mo jẹ wọ́n nígbà yẹn ni mo fẹ́ ṣe fún yín lónìí.

Ìsọ̀ kan, ọlọ́jà púpọ̀

Nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, chip ńlá kan wà tó ń ṣe ọ̀pọ̀lọ. Chip yẹn ní ẹsẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti jókòó ti àwọn tó ń tún fóònù ṣe rí, ẹ ti lè rí wọn tí wọ́n ń fi ooru tú chip kúrò lára bóòdù. Àwọn tótótó kéékèèké tó ń dán lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Òun là ń pè ní pin. Láti ibẹ̀ ni chip ti ń bá káàdì símù, kámẹ́rà, ojú fóònù àti gbogbo ohun tó yí i ká sọ̀rọ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ tó wà nínú chip máa ń pọ̀ ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ń gba àyè, ó sì ń náni lówó. Àwọn tó ń ṣe chip wá dá ọgbọ́n kan: wọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan lè ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ ronú nípa àyè kékeré kan lẹ́bàá títì àdúgbò yín. Láàárọ̀, ìyá alákàrà ló ń dáná níbẹ̀. Lọ́sàn-án, ẹni tó ń ta káàdì símù ti ta agbòòrùn rẹ̀ síbẹ̀. Lálẹ́, onísúyà ti dé. Àyè kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ò lè dúró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó ń sọ pé, "Ìwọ ló kàn báyìí." Nínú chip, ẹni náà ni pin controller, ìyẹn alákòóso pin.

Ẹ jẹ́ ká wo chip tó wà lórí Pi Zero. BCM2835 lorúkọ rẹ̀. Ó ní pin 54 tí a lè darí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ipò 8: ó lè máa gbọ́ ohun tó ń wọlé, ó lè máa gbé ohun jáde, tàbí kó gba ọ̀kan nínú iṣẹ́ pàtàkì 6 tí wọ́n pè ní ALT0 dé ALT5. Kì í ṣe gbogbo pin ló ń lo gbogbo ipò yẹn, ṣùgbọ́n àyè wọn wà.

Pin 14 àti pin 15 ni modem mi lò. Bẹ́ ẹ bá ka ẹsẹ̀ 40 tó tò sí etí bóòdù, wọ́n bọ́ sí ẹsẹ̀ kẹjọ àti ìkẹwàá. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ni UART. Wáyà méjì ni: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ sísọ, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ gbígbọ́. Chip yìí ní UART méjì nínú, UART0 àti UART1, àwọn méjèèjì ló sì lè gba pin 14 àti 15 jáde. Bẹ́ ẹ bá fi pin méjèèjì sí ALT0, UART0 ló ni wọ́n. Bẹ́ ẹ bá fi wọ́n sí ALT5, UART1 ló ni wọ́n.

Ẹ di ibí yìí mú o, ibẹ̀ ni mo ti ṣubú.

Kí ló dé tí kernel ò lè dá a mọ̀?

Ẹnì kan lè bi mí pé, "Ṣebí bí mo bá ki flash sẹ́nu kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà máa ń dá a mọ̀ fúnra rẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni. Flash ń lo USB, ohun tó bá sì ń lo USB máa ń sọ ara rẹ̀. Bó bá ti wọlé, ó ń sọ irú ẹni tó jẹ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe, bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn tó sì dárúkọ.

Pin kì í dárúkọ. Wáyà lásán ni. Kernel, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, kò lè rí i pé modem ló wà ní òpin wáyà yẹn. Ó lè jẹ́ iná kékeré, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ tó ń wọn ooru, ó lè má sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá. Àwọn àgbà ní à-bèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ta ni kernel fẹ́ bi? Ẹni tó so wáyà náà nìkan ló mọ̀. Òun ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Níbo la ń kọ ọ́ sí? Láyé àtijọ́, inú kóòdù kernel gan-an ni. Bóòdù kọ̀ọ̀kan tó ń lo chip ARM ní fáìlì tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà tirẹ̀ láti yan iṣẹ́ fún pin. Ọ̀rọ̀ náà dàrú débi pé ní ọdún 2011, Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ fi ìbínú sọ ọ́ ní gbangba pé kóòdù ARM ti sú òun. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń kọ ọ́ ti ń kó àlàyé nípa bóòdù kúrò nínú kóòdù, tí wọ́n ń kó o lọ sínú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní device tree. Ní ìgbà yẹn kan náà, Linus Walleij, ọmọ Sweden, kọ́ apá kan sínú kernel tó fi gbogbo alákòóso pin sábẹ́ òfin kan. Pinctrl ni wọ́n ń pè é. Ó wọ inú Linux 3.2, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2012.

Device tree kì í ṣe ètò tó ń ṣiṣẹ́. Ìwé àpèjúwe ni. Ó dà bí ìwé tí agbaṣẹ́ṣe ilé fi lé onílé lọ́wọ́: páìpù omi gba ibí, wáyà iná gba ibẹ̀. Kernel á kà á nígbà tó bá ń jí, á sì gbà á gbọ́.

Fáìlì tó ṣì mí lọ́nà

Ohun tí mo kọ fún Pi Zero rèé. Ẹ fara balẹ̀ wò ó.

```
&gpio {
    modem_pins: modem_pins {
        brcm,pins = <14 15>;
        brcm,function = <2>;
        brcm,pull = <0 2>;
    };
};

&uart0 {
    pinctrl-names = "default";
    pinctrl-0 = <&modem_pins>;
    status = "okay";
};
```

Apá òkè ni ti alákòóso pin. Mo ya ẹgbẹ́ kan sọ́tọ̀ níbẹ̀, mo sọ ọ́ ní modem_pins. Ìlà `brcm,pins` ń sọ àwọn pin tó wà nínú ẹgbẹ́ náà. `brcm,function` ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. `brcm,pull` ń sọ bí wọ́n ṣe máa dúró bí ẹnikẹ́ni ò bá bá wọn sọ̀rọ̀: 0 ni kí ohunkóhun má fà á, 1 ni kí a fà á wálẹ̀, 2 ni kí a fà á sókè. Pin 14 tó ń sọ̀rọ̀ ò nílò ohun tó ń fà á. Pin 15 tó ń gbọ́ nílò rẹ̀, nítorí pé pin tí ohunkóhun ò dì mú dà bí ilẹ̀kùn tí kò ní ìkọ́, atẹ́gùn ni yóò máa ṣí i tí yóò máa tì í, chip á sì rò pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn.

Apá ìsàlẹ̀ ni ti UART0. `status` sọ pé kí ó jí. `pinctrl-0` sọ pé bó bá ti jí, ẹgbẹ́ modem_pins ni kí wọ́n tò fún un. `pinctrl-names` fún ètò yẹn ní orúkọ, "default". Kernel fúnra rẹ̀ ló máa to àwọn pin náà kí dírafà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dírafà ò ní láti mọ nọ́ńbà pin kankan. Ẹwà pinctrl nìyẹn: dírafà kan náà lè ṣiṣẹ́ lórí ọgọ́rùn-ún bóòdù, ìwé àpèjúwe nìkan ló máa yí padà.

Ẹ padà sí ìlà `brcm,function`. Èèyàn lè rò pé 2 túmọ̀ sí ALT2. Rárá o. Lórí chip yìí, 0 ni gbígbọ́, 1 ni gbígbé jáde, 2 ni ALT5, 3 ni ALT4, 4 ni ALT0, 5 ni ALT1, 6 ni ALT2, 7 ni ALT3. Bí àwọn tó ṣe chip náà ṣe tò ó nìyẹn.

Lórí Pi 3, Bluetooth ló ń lo UART0, UART1 ló sì wà fún pin 14 àti 15. Nítorí náà, uart1 ni mo kọ sínú fáìlì ti Pi 3, mo kọ 2 sí iṣẹ́ pin, ìyẹn ALT5. Ó tọ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo kó lọ sórí Pi Zero tí kò ní Bluetooth, mo yí uart1 padà sí uart0. Mo gbàgbé láti yí 2 padà sí 4.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. UART0 jí, inú rẹ̀ dùn, ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà jáde, UART1 ni mo fún, UART1 sì ń sùn ní tirẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń pariwo nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ètò mi ṣí ẹnu ọ̀nà UART, ó ṣí. Ó kọ ọ̀rọ̀ sí i, kernel gbà á. Ó kọ sínú àkọsílẹ̀ pé òun ti ránṣẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni tó purọ́. Modem ò kàn gbọ́ nǹkan kan ni.

Ohun tí kernel lè bá yín ṣọ́, àtohun tí kò lè ṣọ́

Kernel kì í ṣe òmùgọ̀. Bí ohun méjì bá ń du pin kan, á dá ìkejì dúró, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé pin yìí ti ní olówó. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé àmì ìparí ìlà nínú device tree, ètò tó ń tú fáìlì náà sí èdè ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá kọ irọ́ tó bá òfin gírámà mu, ẹ ti bọ́ sọ́wọ́ ara yín. 2 tọ́, 4 náà tọ́. Èwo ló bá wáyà tó wà lórí ògiri Àǹtí mu? Kernel ò sí ní ṣọ́ọ̀bù.

Bẹ́ ẹ bá sọ pé, "Kí ló kàn mí, èmi ò ní Raspberry Pi," ẹ wo fóònù Android yín. Kernel Linux ló wà nínú rẹ̀, device tree sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ ti lè gbọ́ nípa ẹni tó gbé ROM fóònù mìíràn sórí tirẹ̀ nítorí pé orúkọ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Fóònù náà tàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò gbọ́ ìka mọ́. Ọ̀kan lára ohun tó lè fà á nìyí: ìwé àpèjúwe ti fóònù kejì ló ń kà, ibi tí wọ́n ti so ojú fóònù mọ́ chip lè má bára mu.

Bátìrì náà wà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí "default", a lè kọ ipò mìíràn tí à ń pè ní "sleep". Bí fóònù bá sùn, kernel lè to àwọn pin sí ipò tí wọn ò ti ní máa fa iná jẹ. Bí wọ́n bá tò ó láìbìkítà, iná á máa jò díẹ̀díẹ̀, fóònù tó wà nínú àpò yín láìṣe nǹkan kan á sì máa jẹ bátìrì.

Bí mo ṣe rí i

Ọjọ́ méjì ni mo fi wá a. Mo pààrọ̀ símù, mo pààrọ̀ wáyà, mo dá modem lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi kernel léèrè ohun tó yẹ kí n ti bi í lọ́jọ́ kìíní:

```
sudo cat /sys/kernel/debug/pinctrl/*/pinmux-pins
```

Ó to gbogbo pin, ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní ìlà pin 14, mo rí i pé UART0 ló gbà á. Ó dáa. Mo wo iwájú díẹ̀, mo rí alt5. Mo dákẹ́. Mo ṣí ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe chip náà kọ, mo wo àtẹ iṣẹ́ àwọn pin, mo sì fọwọ́ borí.

Mo yí 2 sí 4, mo tún ẹ̀rọ náà tàn. Kí n tó gbé kọ́ọ̀bù omi dé ẹnu, fóònù mi dún.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò, ẹ gba nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Àkọ́kọ́, bẹ́ ẹ bá fẹ́ da ìlà kan kọ láti inú fáìlì bóòdù mìíràn, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé chip náà, kẹ́ ẹ sì ka pin kọ̀ọ̀kan. Ìkejì, ẹ wo pinmux-pins kẹ́ ẹ tó gbà pé ẹ̀rọ yín ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ lẹ máa rí ohun tí kernel ṣe ní tòótọ́, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ rò pé ẹ sọ fún un. Ìkẹta, ẹ má ṣe gba ìdákẹ́jẹ́ sí dáadáa. Modem mi máa ń fèsì "OK" bó bá ti gbọ́ àṣẹ. Ètò mi ò dúró gbọ́ ọ. Ká ní ó dúró ni, alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo tan Pi Zero nílé ni mi ò bá ti mọ̀.

Mo padà lọ bá Àǹtí. Mo san owó kátọ́ọ̀nù méjì, wọ́n kọ̀ jálẹ̀ pé kí n má san ẹ̀kẹta. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ náà padà. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé kò tíì yadi?"

Ìbéèrè yẹn dáa ju gbogbo ohun tí mo ti rò lọ. Báyìí, láago méje alẹ́ ojoojúmọ́, ẹ̀rọ náà máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí wọn: "Mo wà níbí, inú fìrísà tutù." Lọ́jọ́ tí wọn ò bá rí i, kí wọ́n pè mí ni. Ó ti tó oṣù méjì. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n pè. Owó ló tán lórí símù.

Bí ẹ̀rọ kan bá ti yadi mọ́ ẹ̀yin náà lọ́wọ́ rí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, a ó kà á ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.